Windows 10 kò ní àtúnṣe ọ̀fẹ́ mọ́: kí ló kù fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà nílé?

Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ti ṣíwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ lórí Windows 10, ni oníkálùkù ti ń sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ilé bó ṣe yé e. Àwọn kan ní kọ̀ǹpútà tó bá ṣì ń lo Windows 10 kò ní tàn mọ́ lọ́jọ́ kan. Àwọn mìíràn ní ọgbọ́n àtipawó ni gbogbo rẹ̀, pé kò sí ohun tó yí padà. Àwọn tó ń ta ètò agbógunti-fáírọ́ọ̀sì ń polówó ọjà wọn, àwọn tó fẹ́ràn Linux, ètò mìíràn tí a lè lò dípò Windows, náà sì ń pe gbogbo ayé wá bá wọn. Ẹni tó kàn fẹ́ fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ tẹ lẹ́tà, kó fi wo àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì, kó sì fi bá ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀, kò mọ ẹni tí yóò gbà gbọ́ nínú wọn.

Kí ló dáwọ́ dúró gan-an, kí ni kò dáwọ́ dúró?

Windows jẹ́ ètò adarí kọ̀ǹpútà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní OS: òun ló wà láàárín ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ àti gbogbo ohun tí a ń fi ẹ̀rọ náà ṣe. Windows 10 jáde ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2015. Láti ìgbà náà, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, Microsoft máa ń fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ sí i láti orí ayélujára. Àtúnṣe yìí ló sábà máa ń mú kí kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sójú pé kí a má ṣe pa òun, pàápàá nígbà tí iná bá ti fẹ́ lọ. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá bọ́ sí irú ọjọ́ Ìṣẹ́gun bẹ́ẹ̀, ohun tó sì jáde lọ́jọ́ náà ni ìkẹyìn tí gbogbo ènìyàn rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ láìforúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Ọjọ́ náà gan-an ni àtìlẹ́yìn fún Office 2016 àti Office 2019 parí pẹ̀lú.

Kọ̀ǹpútà náà kò kú. Ó ń tàn bó ṣe ń tàn tẹ́lẹ̀, fáìlì inú rẹ̀ wà níbẹ̀, Chrome àti Firefox ṣì ń ṣí lórí rẹ̀. Ohun tó dáwọ́ dúró ni pé kí Microsoft máa dí ihò tuntun tí wọ́n bá rí nínú rẹ̀, kí wọ́n sì máa dá ẹni tó bá ní ìṣòro pẹ̀lú rẹ̀ lóhùn. Irú àdánù bẹ́ẹ̀ kì í hàn sójú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń sọ pé irọ́ ni.

Ọjọ́ náà kì í ṣe òjijì. Láti ọdún 2015 ni Microsoft ti kọ ọ́ sínú ètò rẹ̀ pé ọdún mẹ́wàá ni àtìlẹ́yìn Windows 10 yóò gbà. Ohun tó da ọ̀rọ̀ rú ni pé ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, níbi ìpàdé kan tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe ní Chicago, òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan sọ pé Windows 10 ni Windows ìkẹyìn. Kò sí ibi tí Microsoft ti sọ gbólóhùn yìí di àdéhùn, ṣùgbọ́n ó wọ àwọn èèyàn létí, ọ̀pọ̀ sì gbà á bẹ́ẹ̀ títí di oṣù Kẹfà ọdún 2021 tí wọ́n kéde Windows 11.

Kí ni ihò tí wọ́n ń sọ yìí, báwo ni àwọn ọ̀daràn ṣe ń rí i?

Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìlà àṣẹ ló para pọ̀ di ètò adarí bíi Windows, ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ló sì kọ wọ́n. Àṣìṣe kékeré kan, bíi kí ètò náà gbàgbé láti wo bí ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i ṣe tóbi tó kí ó tó gbà á wọlé, lè jẹ́ kí ẹni tó jókòó sí orílẹ̀-èdè mìíràn máa pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tirẹ̀. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ihò níhìn-ín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé àtúnṣe fúnra rẹ̀ máa ń tú àṣírí ibi tí ihò wà. Bí àtúnṣe kan bá ti jáde, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà, àtọmọlúàbí àtọ̀daràn, á gbé ètò ti àná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òní, wọ́n á wá ibi tí méjèèjì ti yàtọ̀ síra, ibẹ̀ náà ni ihò wà. Nígbà tó sì jẹ́ pé inú Windows 10 ni wọ́n ti gbé ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà nínú Windows 11 wá, àtúnṣe tí Microsoft ń ṣe fún Windows 11 lóṣooṣù ń júwe ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé fún ẹni tó fẹ́ wọ Windows 10 tí a kò tún ṣe. Kò tó oṣù kan tí irú rẹ̀ fi ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Microsoft dí ihò kan nínú kernel, ìyẹn ọkàn ètò náà gan-an, wọ́n sì jẹ́wọ́ pé àwọn ọ̀daràn ti ń gba ibẹ̀ kọjá kí àtúnṣe tó dé. CVE-2025-62215 ni orúkọ tí wọ́n fún un. Windows 10 tí ẹni tó ni ín ti forúkọ sílẹ̀ fún àtúnṣe àfikún rí i gbà. Èyí tí kò forúkọ sílẹ̀ kò rí i.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà máa ń padà sí ni WannaCry, ó sì yẹ ká sọ ọ́ tán, nítorí ìdajì rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń sọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, Microsoft ṣe àtúnṣe sí ihò kan nínú ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà oní-Windows ń gbà pín fáìlì láàárín ara wọn. Ní oṣù Kẹrin, àwọn kan tó pe ara wọn ní Shadow Brokers tú irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ EternalBlue sórí ayélujára, irinṣẹ́ tí NSA, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, ti ṣe fún lílò ara rẹ̀. Ihò kan náà yẹn ló ń gbà wọlé. Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, WannaCry bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ń ti fáìlì pa, ó ń béèrè Bitcoin gẹ́gẹ́ bí owó ìtúsílẹ̀, ó sì ń fò láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ ohunkóhun. Kọ̀ǹpútà tó lé ní 200,000 ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150 ló fara kááṣá. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ó wọ àwọn ilé ìwòsàn NHS, àwọn olùṣàyẹ̀wò owó ìjọba sì fojú bù ú lẹ́yìn náà pé àdéhùn aláìsàn pẹ̀lú dókítà tí wọ́n fagi lé lé ní 19,000.

Ìdajì tí wọ́n máa ń fò dá nìyí: púpọ̀ jù lọ nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí WannaCry mú kì í ṣe Windows XP, arúgbó tí àtìlẹ́yìn rẹ̀ ti parí láti ọdún 2014. Windows 7 ni wọ́n, àtúnṣe tí ì bá sì dáàbò bò wọ́n ti wà nílẹ̀ fún oṣù méjì. Ẹni tí kò rí àtúnṣe gbà àti ẹni tó rí i tí kò gbà á, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú WannaCry.

Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà tó ṣì dára kò lè gba Windows 11?

Ọ̀fẹ́ ni Windows 11 fún ẹni tó ti ní Windows 10 tó ní ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ń gbà á. RAM 4 GB àti ibi ìpamọ́ 64 GB kì í ṣe ìṣòro ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohun mẹ́ta mìíràn ló ń dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èkíní ni TPM 2.0, ohun kékeré kan nínú ẹ̀rọ tí ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí rẹ̀. Èkejì ni Secure Boot, tí kì í jẹ́ kí ètò àjèjì wọlé kí Windows tó jí. Ẹ̀kẹta, tó sì le jù, ni prósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ náà: ti Intel gbọ́dọ̀ jẹ́ ìran kẹjọ, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 2017, tàbí ìran tó tẹ̀lé e, ti AMD náà sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Nígbà mìíràn TPM wà nínú ẹ̀rọ ṣùgbọ́n wọ́n ti pa á nínú BIOS, ètò kékeré tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé. Ẹni tí tirẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀ kò nílò kọ̀ǹpútà tuntun, títàn ni yóò tàn án.

Microsoft sọ pé ọ̀rọ̀ ààbò ni: pé ọ̀daràn òde òní kì í bá ètò nìkan jà, ó ń bá ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ jà, ẹ̀rọ tí kò bá sì ní ibi ààbò tirẹ̀ kò ní lè dúró. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn, lára wọn ni ẹgbẹ́ PIRG ní Amẹ́ríkà àti Restart Project ní Lọ́ńdọ̀nù, ní kò bójú mu kí ẹ̀rọ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa di ohun ìdàsílẹ̀ nítorí ìpinnu ilé-iṣẹ́ kan. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí Canalys ti sọ ní òpin ọdún 2023 pé kọ̀ǹpútà tó tó 240 mílíọ̀nù lè di pàǹtírí nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Iye tí wọ́n fojú bù ni, kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni kà, ṣùgbọ́n òun ni àwọn tó ń ta ko Microsoft máa ń dì mú.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí à ń ra tòkunbọ̀. Ẹ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ ó rí HP EliteBook 840 G3, Lenovo ThinkPad T460 àti Dell Latitude E7470, àwọn láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ti lò ní ọ́fíìsì òkè òkun kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n lágbára, tí wọ́n sì ṣeé tú palẹ̀ ṣe. Intel ìran kẹfà ló wà nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. EliteBook G4 jẹ́ ìran keje, òun náà kò wọlé. Orí G5 ni ilẹ̀kùn ti ṣí. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn G yẹn, tí ọ̀pọ̀ olùrajà kì í fojú sí tẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ná ọjà, ló ń sọ báyìí bóyá ẹ̀rọ náà yóò rí àtúnṣe gbà tàbí kò ní rí i. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ oníná àlòkù ló ń wọ Nàìjíríà lọ́dún kọ̀ọ̀kan ní 2015 àti 2016. Bí àwọn ọ́fíìsì òkè òkun bá ti ń kó èyí tí kò gba Windows 11 jáde, ọjà tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ti ń wọlé tẹ́lẹ̀ ni yóò tún gbà wọlé.

Ṣé ẹni tó bá fẹ́ dúró lórí Windows 10 lè dúró?

Ó lè dúró, fún ìgbà díẹ̀. Microsoft gbé ètò kan kalẹ̀ tó ń jẹ́ ESU, èyí tó ń fún kọ̀ǹpútà ilé ní àtúnṣe ààbò títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n là sílẹ̀ láti wọ inú rẹ̀: kí ènìyàn san 30 dọ́là lẹ́ẹ̀kan, kó fi 1,000 àmì Microsoft Rewards, ẹ̀bùn tí Microsoft ń fún àwọn tó ń lo ohun èlò rẹ̀, sanwó, tàbí kó jẹ́ kí Windows máa gbé ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ pamọ́ sórí OneDrive, ibi ìpamọ́ Microsoft lórí ayélujára, ọ̀nà tí kò ní owó nínú. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló nílò àkáǹtì Microsoft, kọ̀ǹpútà sì gbọ́dọ̀ wà lórí Windows 10 tí wọ́n pè ní 22H2. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà nínú Settings, ní ibi tí Windows Update wà. Àkáǹtì kan lè gba kọ̀ǹpútà mẹ́wàá, nítorí náà ẹni tó ní kọ̀ǹpútà mẹ́ta nílé kò ní láti sanwó lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Àwọn tó ń ta ko ètò yìí sọ pé ìdẹ ló wà nínú ọ̀nà ọ̀fẹ́ yẹn, nítorí pé 5 GB péré ni OneDrive ń fúnni láìgbowó, ẹni tó bá sì kó fáìlì àti fọ́tò rẹ̀ síbẹ̀ yóò kún un kíákíá, yóò wá di pé kó máa sanwó. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún àwọn oníbàárà ní Yúróòpù, tí Euroconsumers wà lára wọn, gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, nígbà tó sì di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Microsoft yọ ọ̀ranyàn yẹn kúrò fún àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọṣe ọrọ̀ ajé Yúróòpù. Wọ́n kàn ní láti máa wọlé sínú àkáǹtì wọn, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan láàárín 60 ọjọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sí nínú àjọṣe náà mọ́, nítorí náà ìlànà tó kan ará Ìbàdàn náà ló kan ọmọ ìyá rẹ̀ tó wà ní Peckham. Ní ti ilé-iṣẹ́, 61 dọ́là ni wọ́n ń san lórí kọ̀ǹpútà kan ní ọdún àkọ́kọ́, yóò sì máa di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún títí ọdún mẹ́ta yóò fi pé.

Ṣé ètò agbógunti-fáírọ́ọ̀sì kò tó?

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ ètò agbógunti-fáírọ́ọ̀sì ni kó máa lé aláǹgbá, kì í ṣe kó máa dí ògiri. Ó mọ ojú ọ̀pọ̀ ọ̀daràn tí wọ́n ti mú rí, ó sì lè fura sí ìwà àwọn tuntun, ṣùgbọ́n bí ihò bá wà nínú kernel, ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé lè ní agbára láti pa ọlọ́dẹ gan-an lẹ́nu mọ́. Microsoft ti sọ pé Defender, èyí tó ń bá Windows wá lọ́fẹ̀ẹ́, yóò máa gba ìmọ̀ tuntun lórí Windows 10 títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2028. Ẹni tó ń sọ pé a gbọ́dọ̀ ra òmíràn nítorí pé Windows 10 ti parí, ọjà ló ń tà.

Ta ló ni Linux, kí sì ló dé tí wọ́n fi ń dárúkọ rẹ̀ báyìí?

Ní ọdún 1991, Linus Torvalds, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní Finland nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kernel tirẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn rí inú rẹ̀, kí wọ́n sì bá a tún un ṣe. Kernel yẹn ni Linux. Kò sí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ni ín, ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó gbé ayélujára dúró sì ń lò ó. Ẹni tó bá sọ pé òun kò lo Linux rí, àfi kó jẹ́ pé kò ní fóònù Android, nítorí kernel Linux ló wà nísàlẹ̀ Android.

Ohun tí a ń gbé sórí kọ̀ǹpútà ilé ni kernel yìí pẹ̀lú ojú ìwò, bùráúsà àti àwọn ohun èlò mìíràn tí ẹgbẹ́ kan ti kó jọ fún ìlò, orúkọ tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún àkójọ tirẹ̀ ló sì ń da àwọn èèyàn lójú rú. Ubuntu jáde ní ọdún 2004 láti ọwọ́ Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, tó fi ọ̀rọ̀ àwọn ará orílẹ̀-èdè rẹ̀ nípa jíjẹ́ ènìyàn sọ ọ́ lórúkọ. Linux Mint, tó dìde láti inú Ubuntu ní ọdún 2006, ni wọ́n sábà máa ń júwe fún ẹni tó ń bọ̀ láti orí Windows, nítorí pé ojú rẹ̀ kò ṣàjèjì: bọ́tìnì wà nísàlẹ̀ lápá òsì, aago wà lápá ọ̀tún. Zorin OS, tó ti Ireland wá, gbé ẹ̀dà rẹ̀ kejìdínlógún jáde ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025 gan-an. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe èèṣì.

Ọ̀fẹ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Zorin ní ẹ̀dà olówó pẹ̀lú. Dátà ni ìnáwó tó wà nínú rẹ̀: Mint fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3 GB, Ubuntu tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 sì tó nǹkan bí 6 GB. Ènìyàn lè gbé e sórí fílááṣì 8 GB, kó fi fílááṣì náà tan kọ̀ǹpútà, kó sì lò ó bẹ́ẹ̀ láìfọwọ́ kan Windows tó wà nínú ẹ̀rọ. Yóò fà díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò mọ̀ bóyá Wi-Fi ń mú, bóyá ohùn ń jáde, bóyá ìtẹ̀wé rẹ̀ ń tẹ̀. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè wá fi í sínú ẹ̀rọ pátápátá, tàbí kó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows. Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń pàdánù fáìlì, nítorí pé ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tó ní kí a nu gbogbo ibi ìpamọ́ kúrò, àwọn kan sì máa ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" kí wọ́n tó kà á tán.

Iṣẹ́ tí à ń ṣe nínú bùráúsà, bíi ìmeèlì, WhatsApp Web, YouTube àti ojú òpó báńkì, kò mọ̀ bóyá Linux ni tàbí Windows. LibreOffice ń ṣí fáìlì Word àti Excel, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fáìlì tí wọ́n fi ọ̀ṣọ́ púpọ̀ sí lè yí ojú padà. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni Microsoft Office fúnra rẹ̀, Photoshop, àti àwọn eré kan bíi Valorant àti Fortnite, tí ètò tó ń dènà ìrẹ́jẹ nínú wọn kì í gba Linux. Fún ẹni tó ń kọ Yorùbá, inú àkójọ kíbọọ̀dù Linux ni Nàìjíríà wà, Yorùbá sì ní ìlà tirẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Ṣé òtítọ́ ni pé fáírọ́ọ̀sì kì í wọ Linux?

Kì í ṣe òtítọ́, ṣùgbọ́n ìdí wà tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń fi Linux ṣe kọ̀ǹpútà ilé kò pọ̀, ọ̀daràn tó fẹ́ ja ọ̀pọ̀ ilé lólè kò sì ní bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò tí ilé mẹ́ta péré wà. Èyí tó tún ṣe pàtàkì ni ibi tí ohun èlò ti ń wá: ẹni tó ń lo Mint máa ń mú èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ohun tó fẹ́ láti inú àká kan ṣoṣo tí àwọn tó ṣe Mint ń bójú tó, nígbà tí ẹni tó ń lo Windows ti mọ́ ọn lára láti máa wá a kiri orí ayélujára. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ Windows àti Office tó wà lórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni wọ́n fi ètò tó ń já ìwé àṣẹ gbé dìde, irú ètò bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń ní kí a kọ́kọ́ pa agbógunti-fáírọ́ọ̀sì kí òun tó wọlé. Djvu, ọ̀kan nínú àwọn ètò tó ń ti fáìlì àwọn èèyàn lásán pa kiri ayé, ẹ̀yìn irú ètò ìjáwèé-àṣẹ bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń gbà wọlé. Ẹni tí kò ní láti já ohunkóhun nítorí pé ọ̀fẹ́ ni tirẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ewu yẹn.

Àwọn tó ń kìlọ̀ ní ti wọn máa ń tọ́ka sí oṣù Kẹta ọdún 2024. Nígbà náà ni Andres Freund, ẹnjiníà tó ń ṣiṣẹ́ fún Microsoft, rí i pé kọ̀ǹpútà onílinux kan ń pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí ènìyàn bá ń wọlé sí i láti òkèèrè, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá péré. Nígbà tó tú u wò, ó bá ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ tí ẹnì kan ti fi sínú xz, ohun èlò kékeré kan tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀dà Linux, lẹ́yìn tí ẹni náà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe bí alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rere. Àwọn kan fi ìṣẹ̀lẹ̀ yìí hàn pé iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn lè rí inú rẹ̀ kì í fi ibi pamọ́ pẹ́. Àwọn mìíràn ní oríire lásán ni, pé ìdajì ìṣẹ́jú àáyá yẹn nìkan ló gba ayé là. Ní ti ẹni tí wọ́n fi ìmeèlì tàn jẹ tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì rẹ̀ sójú òpó èké, kò sí ètò adarí kankan tó lè gbà á.

Ǹjẹ́ àwọn ìjọba ti gbìyànjú rẹ̀ rí?

Jámánì ni àwọn tó fara mọ́ Linux àti àwọn tí kò fara mọ́ ọn máa ń tọ́ka sí. Ìlú Munich bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kọ̀ǹpútà ìjọba ìlú lọ sórí Linux lẹ́yìn ọdún 2003, ó sì gbé nǹkan bí 15,000 síbẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 2017 ìgbìmọ̀ ìlú náà pinnu láti padà sórí Windows, nítorí ìráhùn àwọn òṣìṣẹ́ àti ohun èlò tí kò bára mu. Àwọn kan sì ní ọ̀rọ̀ òṣèlú wà nínú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein ló wá kéde ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 pé òun yóò gbé 30,000 kọ̀ǹpútà kúrò lórí Office àti Windows. LibreOffice ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì parí kíkó ìmeèlì kúrò lọ́dọ̀ Microsoft ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ìdí tí wọ́n fi síwájú ni pé ìjọba kò gbọ́dọ̀ fi ìwé àwọn ará ìlú sábẹ́ àṣẹ ilé-iṣẹ́ òkèèrè kan.

Yàtọ̀ sí Linux ilé, ChromeOS Flex ti Google wà fún ẹ̀rọ àtijọ́, láti ọdún 2022. Ọ̀fẹ́ ni, RAM 4 GB tó o, ṣùgbọ́n ó gbára lé ayélujára púpọ̀, kì í gba app Android, ó sì ń fẹ́ àkáǹtì Google. Níbi tí dátà ti wọ́n tàbí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró, ìwúlò rẹ̀ dín kù.

Bí wọ́n bá fipá gbé Windows 11 sórí ẹ̀rọ tí kò kún ojú ìwọ̀n ńkọ́?

Ó ṣeé ṣe, àwọn ẹnjiníà inú ọjà sì ń ṣe é. Ohun èlò kan tó ń jẹ́ Rufus lè pèsè fílááṣì tí kò ní béèrè TPM tàbí ìran prósẹ́sọ̀. Láptọ́ọ̀pù ìran kẹfà yóò gbé e, ẹni tó rà á kò sì ní mọ̀ ìyàtọ̀. Microsoft ní òun kò ṣe ìlérí àtúnṣe fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Títí di ìsinsìnyí àtúnṣe oṣooṣù sábà máa ń wọlé sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tuntun tó ń jáde lọ́dọọdún kì í dé fúnra rẹ̀. Ènìyàn gbọ́dọ̀ tún padà sídìí Rufus. Ẹ̀dà Windows 11 kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́ ikú tirẹ̀: oṣù mẹ́rìnlélógún ni wọ́n fún ti kọ̀ǹpútà ilé. Ti 24H2, tó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, yóò parí ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026, ọjọ́ kan náà tí ESU Windows 10 yóò parí. Ẹni tí wọ́n bá ti bá fi Windows 11 sí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ nínú ọjà lè tẹ winver síbi ìwákiri tó wà nísàlẹ̀ kọ̀ǹpútà náà; àwòrán kékeré tó bá yọ jáde ni yóò sọ ẹ̀dà tó wà lórí rẹ̀ fún un.